Orúkọ Tí Mo Pè ní Rowe Park

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí àwọn ará Àgùdà tó bá mi fi iyọ̀ àti ata sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Àrínọlá, ìyàwó ilé Ògúntádé, ni mo dúró lójú gbogbo ayé ní pápá Rowe Park, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà bọ́ọ̀lù ọdún 1974, tí mo pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni mo pè, ketekete. Ẹnikẹ́ni kò sì fún mi lọ́tí mu kí n tó pè é.

Ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti èyí tí ikun ń yọ nímú rẹ̀. Orúkọ mìíràn tó dùn létí ló máa fún wọn. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, Ọlábọ̀dé jẹ́ ọmọ kékeré kan tó tinrín, tí apá rẹ̀ gùn ju ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀, mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é, mo sì ń fi ẹ̀yẹ sí i: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ wá jẹun, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ lọ wẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ránṣọ ní Àgùdà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Mo ní èmi ni. Ìyá mi ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi náà ń ṣe é ní Súrùlérè, ó sì dùn mọ́ mi.

Ohun mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé kì í ṣe ọkọ ló mú mi dé pápá bọ́ọ̀lù. Bàbá mi, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀yìngbò, ló máa ń gbé mi sí èjìká lọ wo Yaba Rovers nígbà tí n kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọmọ Rovers ni mí kí n tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Bàbá Kíkẹ́, ọkọ mi, ń fẹ́ mi sọ́nà, mo sọ fún un pé ọ̀sán Sátidé kò sí lára ohun tó ń gbé lọ sílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré. Rewáyà ni, iná mọ́tò ló ń ṣe ní Múṣín, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé n kò ṣeré.

Nítorí náà, nígbà tí gólì wa, ẹni tó ti ń ṣọ́lé fún Rovers láti ọjọ́ pípẹ́, bá ẹgbẹ́ kan lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tèmi sípò rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ayọ̀ mi ṣe máa pọ̀ tó. Wọ́n fún un níṣẹ́ pẹ̀lú, ní iléeṣẹ́ ọ̀dà ọkùnrin tó ń náwó sí ẹgbẹ́ náà. Iṣẹ́ gidi, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹni tí bọ́ọ̀lù bá gbà síṣẹ́, bọ́ọ̀lù náà ló máa lé e.

Àwọn ọmọ Àpápá la kọ́kọ́ bá gbá. Wọ́n gbá ọ̀kan wọlé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì nà gbalaja sílẹ̀. Mo dìde, mo kígbe pé, “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ dìde, kò tíì sí nǹkan kan.” Àwọn tó yí mi ká kò mọ ọmọ náà, ẹni tuntun ni, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi ni wọ́n gbà pé ó ń jẹ́. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ni wọ́n nà wá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a fi máa túká, gbogbo pápá ti mọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló burú. Bọ́ọ̀lù kan rọra ń yí bọ̀, bọ́ọ̀lù tí Kíkẹ́ ọmọ mi ìbá fẹsẹ̀ dá dúró, ló gba àárín ẹsẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọjá wọlé. Ìgbà náà ni Síkírù lu agogo ọwọ́ rẹ̀. Bíríkìlà ni Síkírù, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, òun ló sì máa ń dá orin fún àwa tí a ń tẹ̀lé Rovers. Ó dá a pé, “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o, tinrín bí abẹ́rẹ́.” Wọ́n gbè é pé, “Ihò abẹ́rẹ́ ni bọ́ọ̀lù gbà kọjá.”

Orin náà dùn. Bí kì í bá ṣe ọkọ mi kékeré ni wọ́n fi ń kọ ọ́, èmi náà ìbá gbè é. Wọ́n kọ ọ́ títí eré fi parí, wọ́n kọ ọ́ dé Sábó, nígbà tó sì di ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ lọ sílé ìwé.

Mo lọ bá Síkírù níbi tó ti ń po sìmẹ́ńtì. Mo ní, “Síkírù, ojú ò tì ẹ́? Gólì ẹgbẹ́ ẹ lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.”

Kò tilẹ̀ dáwọ́ ṣọ́bìrì dúró. “Ìyá Kíkẹ́, ẹ má bínú sí mi o. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀yin lẹ gbé orúkọ wá sí pápá, èmi kàn fi orin sí i ni.”

Ẹyin lohùn lóòótọ́. Mo bínú délé, kì í sì í ṣe Síkírù nìkan ni mo ń bínú sí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, kò fọwọ́ kan ẹ̀wà tí mo bù fún un.

“Àǹtí, akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí,” ó ní. “Wọ́n ní bí ti Sátidé yìí bá tún bàjẹ́, Jethro ló máa ṣọ́lé. Wọ́n ní nígbà náà, kí n kúkú dá yúnífọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ padà.” Jethro ni gólì kejì, ẹni tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

“Ẹ má gbọ́ tiwọn,” mo ní. “Mo máa wà níbẹ̀. Màá máa pè yín.”

Ó wo ilẹ̀. “Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́. Tí wọ́n bá ti ń kọ orin yẹn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ohùn yín nínú ẹ̀. Bí òkò ni gbogbo ẹ̀ ń bà mí.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Orúkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi fún un, tí mo fi pè é wá jẹun láti kékeré, òun ni wọ́n wá fi ń sọ ọ́ lókò, wọ́n sì ti sọ ọ́ títí kò fi mọ ohùn mi mọ́. Mo kàn ti àwo ẹ̀wà náà sún mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Kíkẹ́ bá mi lọ, torí ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹbí. Àwọn ọmọ Ìkẹjà ló wá. A ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi gbá kọ́ọ̀nà, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n tì í wọlé. Agogo Síkírù dún. Àwọn tiwa dá góòlù náà padà kí wọ́n tó lọ sinmi, síbẹ̀ orin kò dáwọ́ dúró. Ó ti dùn mọ́ wọn lẹ́nu ju ìborí lọ. Nígbà tí wọ́n padà wọ pápá, ṣe ni àwọn ọmọ Ìkẹjà ń rọ́ lù wá. Ọmọ náà dúró sójú ilé, apá rẹ̀ méjèèjì rọ, ilẹ̀ ló ń wò. Mo rí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó fọwọ́ kan Jethro léjìká. Jethro dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀.

Mo ti dákẹ́ bó ṣe bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo wá ohun tí mo lè pè é tí Síkírù kò tíì sọ di orin. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, èyí tí kò tọ́ sí ẹnu mi. Mo gun orí bẹ́ǹṣì.

“Ọlábọ̀dé.”

Kò sí ẹ̀yẹ níbẹ̀, kò sí ẹ jọ̀ọ́. “Ọlábọ̀dé ọmọ Ògúntádé, gbé orí ẹ sókè. Ojú ilé bàbá ẹ lo dúró sí yẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbabẹ̀ wọlé.”

Àwọn obìnrin tó wà níwájú mi yíjú padà. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Ṣé kì í ṣe ìyàwó ilé wọn nìyí?” Bàbá Kíkẹ́ fa ìró mi. “Ìyá Kíkẹ́, kí lo pè yẹn?” Mo tún un pè, fún àǹfààní àwọn tí kò gbọ́.

Ọmọ náà gbé orí sókè lójijì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ìyá òun ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, torí kò sí obìnrin mìíràn tó ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pe òun. Ó wo ọ̀dọ̀ wa, ó rí mi lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú gèlè mi tó ti tú, ó sì rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, ó fò mú un lókè. Wọ́n gbá òmíràn nílẹ̀, ó dà lé e. Àwọn kan lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọlábọ̀dé. Síkírù gbìyànjú láti fi ìyẹn náà sórin, kò bọ́ sí i, ó sì gbé agogo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan sí ọ̀kan la parí, Jethro kò wọ pápá. Ìyẹn tó mi.

Bàbá Kíkẹ́ ló ṣíwájú délé. Kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí Sábó, sílé ẹ̀gbọ́n àgbà ọkọ mi, Ìyá Fúnlọ́lá. Bàbá Kíkẹ́ jókòó sí apá kan, Ọlábọ̀dé jókòó sí apá kejì. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọn kò ní kí n dìde.

“Wọ́n ti fi ẹ́ kí mi lọ́jà,” Ìyá Fúnlọ́lá ní. “Wọ́n ní ìyàwó wa ti ń pè wá lórúkọ ní gbangba. Lọ́la, èmi lo máa pè.”

“Rárá, ọkọ mi,” mo ní. “N ò ní pè yín. Kò sẹ́ni tó ń sọ yín lókò.”

Ojú rẹ̀ le. Ó ní ohun méjì lòun fẹ́. Kí n bẹ Ọlábọ̀dé níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Kí n sì ṣèlérí pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ pápá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé. “Bí o ò bá ṣe é, má pe ara ẹ ní ìyàwó ilé yìí mọ́.”

“Ìyá Kíkẹ́, jọ̀ọ́, bẹ̀ wọ́n,” ọkọ mi ní. “Kí ọ̀rọ̀ yìí parí.”

Mo wo òun náà. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, ṣùgbọ́n inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, torí ó wà níbẹ̀, ó rí ohun tí mo rí.

“Mo kúnlẹ̀ láti kí yín ni,” mo ní. “N ò kúnlẹ̀ torí ẹ̀bẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Wọ́n gba ìjánu tí mo ní lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ń na ọmọ yín, kò sì sí ìkankan nínú yín tó lanu. Èyí tí bàbá yín sọ ọ́ ni mo fi fà á padà. Bí ìyẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, màá tún ṣẹ̀ ní Sátidé. Ìyàwó ilé yìí ni mí, màá sì lọ sí Rowe Park.”

Ìyá Fúnlọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí lo máa pè é ní Sátidé?”

Ó rò pé ẹnu mi kò ní gbà á níwájú òun. Mo yíjú sí ọmọ náà.

“Ọlábọ̀dé,” mo ní.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, bí mo bá pè wọ́n, àtàgbà àtèwe, “oo” ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, bí ọkọ ṣe ń dá ìyàwó lóhùn. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè bi mí pé kí ni mo pe òun, gbogbo wọn ì bá sì gbè é lẹ́yìn.

Ó dìde lórí àga rẹ̀.

“Mà,” ó ní.

Ìyá Fúnlọ́lá wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Wọn kò tíì ní kí n dìde. Mo fa àga tí Ọlábọ̀dé dìde lórí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, mo jókòó.