Kọ́mà Méjì Tó Ti Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Pa
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé Gorna Lipa ní ìṣirò. Nígbà tí lẹ́tà dé pé ìjọba ìbílẹ̀ máa ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa, mo ní kí wọ́n fi ìṣirò wọn hàn mí. Wọ́n ní bí a bá ro iye ọmọ fún ọdún mẹ́rin pọ̀, tí a sì pín in sí mẹ́rin, ó kéré tán, ọmọ mẹ́wàá ló yẹ kó wà ní kíláàsì kan. Tiwa kò tó mẹ́sàn-án.

Irọ́ ni. Nínú fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, akọ̀wé wọn fi àmì ìdánudúró tẹ iye ọdún méjì, 14.25 àti 13.50, dípò kọ́mà tí gbogbo wa ní orílẹ̀-èdè wa fi ń ya odidi nọ́ńbà kúrò lára ìdá láti kékeré. Kọ̀ǹpútà rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ó fò wọ́n, ó wá fi ọdún méjì tó burú jù ṣírò. Ká ní ó kà wọ́n ni, iye wa á lé ní mọ́kànlá.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa láti mú ìwé ẹ̀hónú lọ sí ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé àṣìṣe náà sójú ewé abúlé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yavor, awakọ̀ tírélà tí mo kọ́ nígbà kan, ló kọ́kọ́ fèsì.

"Tíṣà, ẹ sinmi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣì í kà."

"Ìwọ tó o fìdí rẹmi nínú ìpín lo ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ò rí i? Èébú ló kàn. Àmì kékeré kan ò lè ti ilé-ẹ̀kọ́ pa."

Orí mi gbóná. Mo ya àwòrán fọ́múlà inú fáìlì wọn, mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé. Ẹni tí kò lè ka ewúrẹ́ rẹ̀ tán ń kọ́ mi ní ìṣirò.

Zdravka, tó ń gbá kíláàsì wa, wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì. "Tíṣà, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwé yẹn ńkọ́? Ṣé Yavor ló máa gbà á lọ́wọ́ yín ni?"

"Lọ́la ni màá lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Yavor kọ ọ́ pé, "Mo ti dán an wò fúnra mi. Tíṣà ló jàre." Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì.

Obìnrin tó wà níbẹ̀ ka ìwé mi tán. "Ìṣirò yín tọ̀nà, màmá. Àmọ́ àná lọjọ́ pé."

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ogójì èèyàn ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yavor pé èmi ni mo jàre. Zdravka bi mí bóyá kí òun ṣì máa gbá kíláàsì náà.