Bẹ́líìtì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Òun Ti Pààrọ̀

Ọkọ̀ ìyá wa kú sójú títì, wọ́n sì wọ́ ọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó wà á, tẹ̀ lé e wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Ọkọ̀ yẹn ni Màmá fi ń pín búrẹ́dì tí wọ́n ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣí i wò, tí mo rí i pé táímìn bẹ́líìtì ti sán. Rọ́bà eléyín ni, òun ló so òkè ẹ́ńjìnnì mọ́ ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí. Mo ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni obìnrin mọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, mekáníìkì òun ni yóò ṣe é. Nígbà tó yá, ó sọ fún Màmá pé ó ti parí, Màmá sì wúre fún un títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo ṣí i. Bẹ́líìtì àtijọ́ náà ló wà níbẹ̀, ó ti já. Lẹ́yìn tó já, ẹ̀gbọ́n mi tún ń yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá, ó ní káwọn èèyàn bá òun tì í. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn fáàfù, irin tó ń ṣí tó ń padé nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́ bí ìṣó tí òòlù ṣì gbá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Màmá pé bẹ́líìtì tuntun ni, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó ní onígbàgbọ́ a máa bo àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọlọ́run ń bo àṣírí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi irọ́ bò ó.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo lè yá yín ní jáàkì, mo lè yá yín ní sípánà. Ẹnu mi ò sí lára irinṣẹ́ tí mo ń yáni.”

Màmá ló wọlé yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Wọ́n bi mí léèrè ohun tó ṣe ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣẹ́jú sí mi. Mo fi bẹ́líìtì tó já lé Màmá lọ́wọ́.

“Ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ẹ̀ rí, Màmá.”

Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó sán. Wọ́n wo ọmọ wọn ọkùnrin.

“Búrẹ́dì ti tutù nílé,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Títí àbúrò rẹ á fi tún ọkọ̀ yìí ṣe, orí tìẹ ni yóò máa gbé búrẹ́dì kiri. Ó yá, ńṣó.”

Ó wò mí kí n bá òun bẹ̀bẹ̀. Mo mú sípánà, mo kọjú sí ẹ́ńjìnnì.