Ohun Tó Ń Jẹ Iná Ọkọ̀ Wa

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sì rẹ̀ mí ju ẹni tó ro oko lọ. Ẹ mọ ọkọ̀ ògbólógbòó wa yìí. Bó bá dalẹ́, ara rẹ̀ á le. Bílẹ̀ bá mọ́, bátìrì á ti kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú fún ọkọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ọkọ̀ yìí ò jẹ́ ká débẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n tún dá. Dókítà ní tí a ò bá tún wá, kí a gbàgbé ojú náà. Ohun tí mo gbé sáyà sùn nìyẹn.

Lójú àlá, mo bá ara mi ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó léfòó sókè ṣọ́ọ̀bù Làmídì, ẹni tó máa ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀ de táì. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi.

"Ìyá, ẹ kọ ohun tó ń dùn yín sára ògiri."

Mo rọra kọ ọ́: *ọkọ mi kì í jí láàárọ̀*.

Ọ̀gá kà á, ó mi orí. "Ẹ gbé ọkọ ìyá yìí wá."

Kí n tó yanu, wọ́n ti fi jáàkì gbé ọkọ mi, Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, sókè. Làmídì ṣí àyà rẹ̀ bí ẹni ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń yẹ wáyà inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé kò dùn yín?" ni mo bi ọkọ mi.

"Jẹ́ kó wò ó," ó fèsì látòkè. "Àyà ọ̀hún ti ń ta mí tẹ́lẹ̀."

Làmídì ní, "Wáyà bàbá ò ṣe nǹkan kan, ìyá. Eruku lásán ni."

Mo sọ fún ọ̀gá pé ọkọ̀ ni mo wí, n ò wí ọkọ.

"Ohun tí ẹ kọ la kà," ó ní. "Ẹ wo ọ kejì, kò dé fìlà. Àmì ohùn rẹ̀ dà?"

Òótọ́ ni. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì ní òun ti ṣíwọ́, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà tí mo máa wo ọ̀gá, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu, ó ti ń jẹ pépà orí tábìlì láti àárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní irùngbọ̀n yín ẹyọ kan."

Ó na àgbọ̀n. Mo fa ẹyọ kan, mo gbé e gẹ̀ẹ́rẹ́ lé ọ kejì lórí bí olùkọ́ ṣe kọ́ wa. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ wa gun jáàkì.

"Ìyá Oyè," ọkọ̀ náà ń yán bó ṣe ń sọ̀rọ̀, "wọn kì í jẹ́ kí n sùn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará inú búùtù."

Mo ṣí búùtù. Òbúkọ oníṣẹ́ ìjọba ló kún ibẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ gílóòbù kékeré kan, wọ́n ń lu òǹtẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá pa á dé, ṣé ẹ máa pa iná?"

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ló wọlé wò wá rí?"

Ibẹ̀ ni mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbé ìrọ̀rí ọkọ mi kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti tàn mọ́jú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo rántí ohun tí àwọn òbúkọ bi mí.

"Bàbá Oyè, ẹ wá tì mí mọ́ búùtù."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ó ń táràrà tẹ̀ lé mi. "Rí i pé ọkọ̀ tiwa ni o. Ojú mi lè tì ẹ́ mọ́ ti aládùúgbò."

Mo ká ẹsẹ̀ kò, mo wọlé, ó pa á dé. Mo la ojú mi. Iná pupa tín-ńtín kan, tó ti rẹ̀ bíi tèmi, ń tàn sí mi lọ́wọ́.

"Ṣé o ń rí nǹkan?" ọkọ mi bi mí láti ìta.

"Mo ń rí i," ni mo fèsì. Mo nawọ́, mo yọ gílóòbù náà.