Bàbá Méjì Nínú Mo-gbé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́ ṣì: èmi kọ́ ni mo ní kí bàbá mi àti bàbá Gbọ́láhàn lọ gun Mo-gbé. Ètò tí mo ṣe fún wọn dára. Àgbà àti àṣà ló dà á rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń tọ́ àwọn àlejò sọ́nà, tí mo máa ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gùn àti èyí tó yẹ kí wọ́n gùn kẹ́yìn. Ọ̀gá mi gbà pé ẹ̀rù nìkan ni àwọn èèyàn ń wá wá. Ó ní ká ta ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rọra yí ọgbà ká, ká ta àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po, ká wá fi ẹ̀rọ tó ń juni sókè kún gbogbo ibẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ta ló ń fi ata rodo nìkan jẹun? Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, tó wo òdòdó, tó juwọ́ sí àwọn ọmọdé, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó máa dùn ún. Lẹ́yìn ẹ̀rù, kó tún padà sórí ẹṣin onígi, kí ọkàn rẹ̀ lè bá a délé. Mo ti bá ọ̀gá mi fa ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi ń sá fún mi.

Mo-gbé ni baba ẹ̀rù nínú ọgbà wa. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ni, tí wọ́n so rọ̀ sára irin, tó máa ń fì lọ fì bọ̀ títí imú rẹ̀ á fi kọjú sí ọ̀run. Orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ Mo-gbé ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é, torí ohun tí gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ń pariwo nìyẹn.

Ní ti Gbọ́láhàn, òun ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ìyá mi ti gbà fún wa tipẹ́. Bàbá mi, Alàgbà Ògúnjìnmí ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, nìkan ló kù. Wọ́n ní ẹ̀sìn mùsùlùmí ọmọ náà kò dun àwọn, pé nínú agbo ilé tiwa náà, a rí mùsùlùmí. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé èmi ni àbíkẹ́yìn, àwọn kò sì mọ irú ilé tí mò ń lọ. Wọ́n fẹ́ rí bàbá Gbọ́láhàn níbi tí kò ti ní ráyè múra de àwọn, torí wọ́n ní kò sẹ́ni tí kì í ṣe èèyàn dáadáa nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n bá rí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kò ní sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n yí i padà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ni mo bá ní kí wọ́n pàdé lọ́gbà wa ní ọ̀sán Sátidé kan. Ọkọ̀ ojú irin, ẹṣin onígi, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù, kí kálukú máa lọ ilé. Bàbá Rájí, ìyẹn bàbá Gbọ́láhàn, ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin á tú wọn lẹ́nu. Kò sí Mo-gbé nínú ètò mi rárá.

Wọ́n pàdé lẹ́nu géètì. Bàbá Rájí ju bàbá mi lọ dáadáa, àmọ́ àwọn ni wọ́n wá tọrọ ọmọ, ni wọ́n bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi sáré gbá wọn mú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Àwọn tibí ní káwọn tọ̀hún máa lọ níwájú, àwọn tọ̀hún ní ó tì o. Ìgbà tí wọ́n wá gbà láti jọ wọlé, wọ́n há sẹ́nu géètì.

Bí a ṣe wọlé báyìí, Mo-gbé gbé imú sókè tòun ti èèyàn nínú. Bàbá mi dúró, wọ́n ń wò ó, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀. Bàbá Rájí sì rí wọn. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń wá ìyàwó fọ́mọ kì í dúró kí àna lanu kó tó mọ ohun tí àna ń fẹ́. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi sọ pé nǹkan gogoro yẹn wu àwọn púpọ̀, pé ṣé àna àwọn á bá àwọn gùn ún.

Bàbá mi sún sẹ́yìn díẹ̀. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ ohun tí àna fi lọ̀ wọ́n, àna tó tún jù wọ́n lọ? Wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn àwọn gan-an nìyẹn.

Mo ní ọkọ̀ ojú irin la kọ́kọ́ ń wọ̀ níbí. Bàbá mi wò mí, ìwò kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Mo yíjú sí Gbọ́láhàn kó bá mi dá sí i, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn, bí a ṣe ń bi gbogbo èèyàn, àwọn méjèèjì ní ara àwọn le ju tèmi lọ. Kí ni mo tún lè ṣe? Kí ìyàwó tí wọn kò tíì fẹ́ máa sọ fún bàbá ọkọ pé wọ́n ti dàgbà jù?

Wisdom, tó ń darí ẹ̀rọ náà, ní kí wọ́n bọ́ agbádá, ó gba fìlà wọn, ó fi bẹ́líìtì dè wọ́n dáadáa. Ó kọ́kọ́ rọra ń fì. Bàbá mi ń juwọ́ sí mi bí ọba tó gun ẹṣin, Bàbá Rájí ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fì sókè díẹ̀ sí i, ọwọ́ bàbá mi wálẹ̀. Ó tún fì sókè, ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá Rájí.

Láti ẹnu géètì ni bàbá mi ti ń fọ Yorùbá bí inú ìwé nítorí àna. Lókè yẹn, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló jáde. "Ukú dé o! Ẹ gbé mi lọ ulé!" Bàbá Rájí ń fi èdè Lárúbáwá pe Ọlọ́hun. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dà rú. Etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ "Bísímílà" lẹ́nu alàgbà Mẹ́tọ́díìsì, tí Bàbá Rájí náà sì ké "Jésù" kedere, tí gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà gbọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù fẹ́ pa mí, torí mo mọ̀ pé ìgbéyàwó mi ló ń fì lọ fì bọ̀ lókè yẹn. Mo juwọ́ sí Wisdom kó pa ẹ̀rọ náà.

Nígbà tó dúró, gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ àfi àwọn méjèèjì. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Bàbá mi ń wo iwájú, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí.

"Àna mi," bàbá mi wí níkẹyìn, "ṣé òótọ́ ni nǹkan yìí wù yín?"

"Èmi kẹ̀?" ni Bàbá Rájí dáhùn. "Mo rí i pé ojú yín kò kúrò lára rẹ̀ ni."

"Ibi tí mo máa gbà sá fún un ni mò ń wò."

Bàbá Rájí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú àlejò, rín in títí omi fi ń dà lójú wọn. A fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Rájí ní àwọn jẹ̀bi, àwọn gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó lọ́mọ, ni wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ sórí koríko. Ìdọ̀bálẹ̀ náà dára, àmọ́ orúnkún kọ̀, wọn kò lè dìde. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé wọn, òòyì kọ́ bàbá mi, àwọn náà bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá Rájí. Gbọ́láhàn wò ó pé bàbá òun àti bàbá ìyàwó wà nílẹ̀, òun wà lóòró. Kí ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á ṣe? Ó na gbalaja sẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọdé tó wà lórí ìlà rò pé ara eré náà ni, àwọn kan sì wá dùbúlẹ̀ tì wọ́n.

Èmi nìkan ló dúró, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Ibẹ̀ nílẹ̀ ni bàbá mi ti gbé orí sókè.

"Ọláfúnkẹ́, pe ìyá rẹ, kó máa múra ulé sílẹ̀. Àna mi ti gbọ́ bí mo ṣe ké. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n padà sí Òṣogbo bí àlejò. Àfi kí wọ́n di ẹbí mi, kí wọ́n lè bá mi bò ó mọ́ra."

Inú mi dùn débi pé mo di mọ́ Wisdom, tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí orúnkún padà sípò, mo kó àwọn bàbá méjèèjì sínú ọkọ̀ ojú irin kékeré, mo sì jókòó sẹ́yìn wọn. Ó ń rọra lọ. Wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kó tó yí ọgbà ká tán. Ìgbà náà ni Bàbá Rájí wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sún mọ́ bàbá mi.

"Àna mi, Jésù tí mo pè lókè yẹn ńkọ́?"

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan," ni bàbá mi wí, wọ́n sì ń wo òdòdó lọ.