Ẹni Tí Yóò Dìde fún Khaleelah

Ní iléèwé gíga kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣirò owó ní Songon, ìlú kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àṣà kan wà tí kò sí nínú ìwé òfin wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ṣàlàyé iṣẹ́ tó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán, tí àwọn olùkọ́ mẹ́ta tó ń gbọ́ ọ bá sì ti fikùn lukùn, ọ̀gá wọn á kọ́kọ́ béèrè àwọn òbí rẹ̀. Àwọn òbí á dìde. Orí ìdúró ni wọn yóò wà tí wọn yóò fi gbọ́ bóyá ọmọ wọn yege. Ìgbà náà ni ìyá á tó kígbe, tí bàbá á máa nu ojú bí ẹni tí eruku kó sí lójú, tí wọn á sì lọ ṣí kúlà oúnjẹ lábẹ́ igi máńgòrò.

Khaleelah kò bẹ̀rù ìdánwò. Ẹ̀rọ amúǹkantutù ni iṣẹ́ tó kọ́, bó bá fetí sí fìríìjì tó ń kùn, ó lè sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ìgbà tí wọn yóò bá ní kí àwọn òbí dìde, ìyẹn ni kò jẹ́ kó gbádùn.

Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún tó wọ iléèwé. Ìyá yìí nìkan ló ń pè é ní Àṣàkẹ́, oríkì náà sì bá a wọlẹ̀ lọ. Ó wá ku bàbá rẹ̀, Àrìmíyàù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Adjamé Roxy. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ọ̀rọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n sọ bí kò bá ti jẹ́ ti ọjà. Níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó lè fi Dyula, èdè tí wọ́n fi ń nájà níbẹ̀, ta odidi ìkòkò fún ẹni tó wá ra ìdérí, ṣùgbọ́n bó bá kan Faransé àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ á wúwo. "Ta ni yóò gbé obìnrin tó ń tún fìríìjì ṣe níyàwó?" ló sọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú iṣẹ́ yìí, kò sì fẹsẹ̀ tẹ iléèwé náà rí.

Songon jìnnà sí Adjamé, nítorí náà Khaleelah gba yàrá kékeré kan nítòsí ọ̀sà. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá á pè é.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bàbá."

"Ó dáa. Ká sùn ire."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Nínú kíláàsì, ọkùnrin ló kún ibẹ̀, "Go du froid", ọmọge òtútù, ni wọ́n sì ń pè é. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń jẹun ọ̀sán. Ènìyàn lè wà láàárín èrò kó má rí ẹni bá sọ̀rọ̀; ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣe kó máa dúpẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ tí yóò ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ki ara láyà lórí fóònù. "Bàbá, soutenance mi, c'est jeudi, aago mẹ́sàn-án. Salle quatre. Wọ́n máa ní kí parents dìde. Ṣé... ṣé ẹ lè wá?"

"Ọjà máa ń yá lọ́jọ́ Àlàmísì," ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun ò ní í wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, Khaleelah ń wo géètì ṣáá títí ó fi lọ gbé iṣẹ́ rẹ̀. Àpótí amẹ́jatutù tó kàn fún àwọn obìnrin ẹlẹ́ja etí ọ̀sà ló fẹ́ fi hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e gòkè lọ sí salle quatre, yàrá kẹrin, àpótí kọ̀, ó wúwo jù. Olùkọ́ ní kò burú, inú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ni àwọn yóò ti gbọ́ tirẹ̀. Ó sáré pe bàbá rẹ̀ láti sọ fún un. Fóònù ti kú. Ó tún un pè. Bàbá yìí kì í pa fóònù láé, àfi ní mọ́sáláṣí. Ó ti rí orúkọ mi ló ṣe pa á, ni Khaleelah rò nínú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra. Kó tó mọ ohun tí yóò ṣe, wọ́n ti pè é wọlé.

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kò kálòlò, kò gbàgbé nǹkan kan. Àwọn olùkọ́ fikùn lukùn, ọ̀gá wọn gbójú sókè.

"Les parents?"

Khaleelah wo ẹ̀yìn. Àga ló rí.

"Personne?" ló tún béèrè, bóyá kò sẹ́ni tó wá.

Ọkùnrin náà sọ ojú sílẹ̀, ó sì kà á pé ó yege, ó sì yege dáadáa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mẹ́fà péré nínú ilé ńlá bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ohun tó fi odindi ọdún lé bọ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé kò mọ ibi tí yóò fi í sí.

Ó fẹ́ gba abẹ́ igi máńgòrò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ wá ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí kúlà aláwọ̀ aró kan tó ní ìdérí pupa, tí wọ́n fi okùn so ọwọ́ rẹ̀. Kúlà ìyá rẹ̀ ni. Nagnélé, ọmọbìnrin ará Korhogo ní ìhà àríwá tó ń kọ́ ìṣirò owó, jókòó tì í, ó ń jẹ attiéké, ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru sè. Àrìmíyàù jókòó níwájú rẹ̀ nínú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó ń bá a yọ egungun inú ẹja.

"Bàbá?"

Bàbá fò dìde. "Níbo lo wà? Láti òwúrọ̀ ni mo ti wà ní salle quatre! Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń pè ṣáá, mi ò rí ọ."

"Wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀yìn. Mo pè yín. Fóònù yín..."

"Mo pa á lẹ́nu géètì. Ibi tí àwọn àgbà ti ń dájọ́ ọmọ, ṣebí bíi mọ́sáláṣí ni."

"Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan?"

Ọkùnrin tó ń fi "abéèrè kì í ṣìnà" pa oníbàárà létí lójoojúmọ́ sorí kodò. "Faransé wọn yẹn..." ló wí, kò sì parí rẹ̀.

Nagnélé ti dìde. "C'est ton papa? Il s'est levé pour moi," ló sọ, pé bàbá ti dìde fún òun, ẹkún sì wà lóhùn rẹ̀.

"Wọ́n ní 'parents'," ni bàbá fi kún un. "Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, mo mọ ìyẹn. Ọmọ yìí wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan, àwọn ènìyàn rẹ̀ jìnnà. Ojú rẹ̀ ṣe bákan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ni mo bá dìde."

Kí ni Khaleelah fẹ́ sọ sí i? Ohun tó dáa ni bàbá rẹ̀ ṣe. Nagnélé kò jí nǹkan rẹ̀. Síbẹ̀ ìlara mú un.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi náà wo ẹ̀yìn."

Àrìmíyàù fi ẹja sílẹ̀, ó ṣan ọwọ́. "Mú mi lọ síbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, mégáàdì ti ti ilẹ̀kùn, ó ti bá oúnjẹ lọ. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé. Àpótí náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pa á, ó ń kùn lọ.

"Bi mí bí wọ́n ṣe bi ọ́," ni bàbá wí.

"Bàbá, wọ́n ti lọ."

"Mo ní kí o bi mí."

"Les parents?"

Bàbá tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó dojú kọ ilẹ̀kùn títì náà, ó nàró gbọọrọ. "Èmi nìyí," ló wí sókè. "Èmi ni mo bí Àṣàkẹ́."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀, kò sì wẹ̀yìn. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí. Ìgbà náà ni Khaleelah ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kò tíì sẹ́ni tó sọ èsì òun fún bàbá.

"Mo yege, Bàbá," ló sọ fún un.