Orúkọ Tí Ẹnu Adéjọkẹ́ Kò Gbọdọ̀ Dá

Bí ẹ bá rí Adéjọkẹ́ lọ́jọ́ tí ọkùnrin onítáì náà wọ agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ ó rò pé àlejò láti ààfin ló dé. Ó ti nu àga, ó ti bu omi tútù wá, ó ti kúnlẹ̀ kí i tán kó tó rí i pé ọmọ náà kò tó àbíkẹ́yìn òun. Kí ni kó ṣe? Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ọ̀nàire ni onítáì ní òun ti wá, Ọ̀nàire sì ni gbogbo ìrètí Adéjọkẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Ó pẹ́ tí òun àti Akínpẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tó ń fín igbá, ti ń wọ ọkọ̀ Ọ̀nàire lọ ta igbá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ ni akọ̀wé máa ń lu ihò kan sí káàdì wọn. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá kún, Ọ̀nàire yóò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ sí ibi tó bá wù ú ní Nàìjíríà. Kí olè má baà gba ti ẹlòmíràn, oníkálùkù ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní ọ́fíìsì. Akínpẹ̀lú ló mú tiwọn. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún akọ̀wé, torí ó mọ̀ pé ìyàwó òun kò jẹ́ pe orúkọ yẹn láéláé. Ìyàwó ilé wo ló ń pe orúkọ bàbá ọkọ? Adéjọkẹ́ náà bá a rẹ́rìn-ín. Oṣù tí káàdì yẹn kún ni Akínpẹ̀lú kú, kó tó lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Olúfúnkẹ́ ọmọ wọn wà ní Maiduguri. Ó wá ọmọ títí, ọdún 1988 yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin. Maiduguri jìnnà púpọ̀ lójú títì, ẹ̀yìn Adéjọkẹ́ kò sì gbà á mọ́. Bí kò bá wọ ọkọ̀ òfurufú yìí, kò ní fojú kan ọmọ náà. Tó bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú lókè, yóò fi igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò yanu máa wò ó títí yóò fi wọ inú ìkúukùu lọ. Irin, tí èèyàn jókòó sínú rẹ̀! Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ẹ̀rù náà.

"Mama, ẹ tètè o," ni onítáì wí. "Ẹnì kan fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí. Mánijà ní ká yí ọ̀rọ̀ àṣírí gbogbo kọ́sítọ́mà padà kí ọ́fíìsì tó pa. Ẹ sọ ti àtijọ́ fún mi, kí n fún yín ní tuntun."

Àyà Adéjọkẹ́ já. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó fura o. Kò fura rárá. Ó gba ọmọ náà gbọ́ pátápátá, ó sì fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ó lanu, ẹnu kọ̀. Ó tún un là, ahọ́n kò gbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ilé náà, kò pe orúkọ yẹn rí. Kódà tó bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, "Bàbá ilé wa" ló máa ń wí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi kò gbọdọ̀ dá a. Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ ilé wá."

"Mama, kò sí tááìmù! Ẹ ṣáà sọ ọ́!"

Ó jágbe mọ́ ìyá arúgbó, síbẹ̀ ara rẹ̀ ni Adéjọkẹ́ ń bá wí. Ó sáré lọ pe Esther, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí òun náà mọ ọ̀rọ̀ náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Akẹ̀sán dé. Kékeré ni Esther wà nígbà tí wọ́n gbé Adéjọkẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ọkọ ni ọkọ ń jẹ́, kò pe òun náà lórúkọ rí. Eyínfúnjowó ló sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ àṣírí wa fún wọn."

Esther wo onítáì láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ ìyàwó wa wà ní ìpamọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ó dáa. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ ká gbọ́. Tó bá jẹ́ òun ni, n ó ní òun ni."

Òógùn bo onítáì. Ó ní òun gbàgbé ìwé kan sínú mọ́tò, pé òun ń bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀ títí di òní.

Adéjọkẹ́ jókòó sílẹ̀ pẹ́ẹ́. "Eyínfúnjowó, ǹ bá ti sọ ọ́! Ọlọ́run, ǹ bá ti sọ ọ́!" Ó ń fọwọ́ kan ètè rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ẹnu tó kọ̀ fún un yẹn, ẹnu yẹn ló gbà á.

Wọn kò dúró de ìránṣẹ́ kankan mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀nàire ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gàníyù, akọ̀wé tó mọ̀ wọ́n dáadáa, kọ háà nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Alhamdulillah! Mama, a ò rán ẹnikẹ́ni. Àwa kì í bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí nílé èèyàn. Àwọn tó ti sọ tiwọn fún ọmọ yẹn, ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì wọn lọ. Tiyín wà níbí, ẹ lè gbà á lónìí. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ti Àǹtí kò ní ṣiṣẹ́."

Ojú Adéjọkẹ́ ràn. Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ padà sílé. Lẹ́yìn náà ló rántí ọmọ jòjòló tó wà ní Maiduguri. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yọ́.

"Bàbá ilé wa, ẹ má bínú. Ọmọ yín ló kó mi sí i."

Gàníyù jáde láti ẹ̀yìn kántà, ó bẹ̀rẹ̀, ó dẹtí sílẹ̀. Adéjọkẹ́ pe orúkọ náà.

Ẹ má bi mí pé kí ni orúkọ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àmọ́ gbogbo irun ara Adéjọkẹ́ ló dìde. Ó ń retí kí nǹkan já lulẹ̀ láti àjà, nǹkan kan kò já. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí àgbà kan rọra wọlé, tó fa àga, tó jókòó tì í. Gàníyù mi orí pé òun ni. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún un.

Ìgbà náà ni Adéjọkẹ́ bojú wẹ̀yìn, tó rí Esther tí omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyàwó," ni Esther wí, "láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, n ò gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Jọ̀ọ́, tún un pè."

Adéjọkẹ́ fa orí Esther mọ́ra, ó sì pè é sí i létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí olè má baà gbọ́.