Ìyá Ni Mo Jẹ́ Nílé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ọ̀rọ̀ yìí tó tutù.

Ìgbà tí ìyá bàbá rẹ̀ kú ni wọ́n bí Ìyátúndé ní Ìkàrẹ́, nítorí náà "ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Iyìọlá, ọmọkùnrin ará Ọ̀kà tí òun àti Ìyátúndé pàdé lórí fóònù, kò rí i lójúkojú rí, àmọ́ ó kọ̀wé sí i: "Béébì mi, ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà wù ú, síbẹ̀ ó fèsì: "Ẹni tí bàbá mi ń pè ní ìyá, ìwọ ń pè é ní béébì?"

Ọjọ́ méjì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á pé òun ti lé ẹni rere lọ. Ó ń kọrin nídìí ààrò:
"Béébì kọ́ lorúkọ mi o,
Ìyá ni mo jẹ́ nílé."

Lọ́jọ́ kẹta, Iyìọlá béèrè ọ̀nà títí ó fi délé wọn, tòun ti iṣu mẹ́fà lórí ọ̀kadà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọbìnrin náà.

"Ìyá mi, ẹ má bínú."

Bàbá Ìyátúndé bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá mi, ẹ dá a lóhùn o!"

"Kó dìde," ni Ìyátúndé wí, "iṣu yìí ò ní gún ara rẹ̀."

Iyìọlá ló gún un. Gbogbo àwa aládùúgbò tó wà níbẹ̀ jẹ iyán yó, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.